Ẹ Bi Tíṣà: Ẹsẹ̀ Ń Jó Mi, Ṣé Kí N Jókòó Ni?

Lẹ́tà tó dé lóṣù yìí pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ìṣó kan ló sì fà á. Fún ẹni tí kò rí ìwé ìròyìn wa ti oṣù tó kọjá rà: mo wọ sílípáàsì láti ilé mi ní Òkè-Àdó lọ ra búrẹ́dì. Mo lọ, mo bọ̀, mo jókòó ti oúnjẹ. Ìyá Títí, aya mi, ló béèrè pé ta ló da sobo sílẹ̀ lórí táìsì. Sobo kọ́ o, ẹ̀jẹ̀ mi ni. Ìṣó ti gba ìsàlẹ̀ sílípáàsì wọnú ẹsẹ̀ mi, mo sì ti gbé e rìn lọ, gbé e rìn bọ̀, n kò mọ̀ rárá.

Ẹsẹ̀ yìí kan náà ni kì í jẹ́ kí n sùn lóru. Bí àìsàn iṣan ṣe rí nìyẹn: á máa pariwo nígbà tí kò sí nǹkan, nǹkan á wá dé, á dákẹ́.

Ẹni tí kò bá mọ̀ mí, tíṣà eré ìdárayá ni mí. Ọdún 31 ni mo fi fọn fèrè létí pápá fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama kí n tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n rí àtọ̀gbẹ lára mi ní 2008. Nígbà tó di 2015, àtẹ́lẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í jó. N kì í ṣe dókítà, n kò sì ní kọ oògùn fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo mọ̀ ni bí a ṣe ń mú ara rìn nígbà tí ara kò fẹ́.

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Aṣọ ni mo ń tà ní Gbági, ẹni ọdún 58 ni mí. Ó di ọdún 11 tí mo ti ń lo oògùn àtọ̀gbẹ. Láti bí ọdún mẹ́ta, bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ẹsẹ̀ mi méjèèjì á máa jó bí ẹni pé mo ti ẹsẹ̀ bọ ata lílọ̀. Aṣọ ìbora kò gbọdọ̀ kàn án. Àwọn ọmọ mi ti gba kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ mi, wọ́n ní kí n jókòó sílé kí n sinmi. Oṣù mẹ́rin rèé. Mo ti sanra, ṣúgà mi ti lọ sókè, ìrora náà kò sì dín. Dókítà tuntun tí mo lọ rí wá ní kí n máa rìn. Rírìn kẹ̀? Lórí ẹsẹ̀ tó ń jó? Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? — Ìyá Aláṣọ, Ìbàdàn

Ìyá wa, ẹ kú ìfaradà. Dókítà tuntun yẹn ni kí ẹ gbọ́ tirẹ̀.

Àwọn ọmọ yín kò ṣe é ní ìkà, ìfẹ́ ni. Àkọ́bí tèmi náà, àga tìmùtìmù tó ń na ẹsẹ̀ fúnra rẹ̀ ló rà fún mi ní 2016, nítorí dókítà kan ti sọ pé kí n lọ máa sinmi. Mo sinmi dáadáa! Oṣù mẹ́fà gbáko ni mo fi jókòó sínú àga yẹn bí ọba tí kò ní ìlú. Ṣòkòtò mi kúrò ní 34, ó di 38. Àyẹ̀wò ṣúgà olóṣù mẹ́ta, èyí tí wọ́n ń pè ní HbA1c, kúrò ní 7.2, ó di 9.4. Orúnkún tí kò ṣe nǹkan kan tẹ́lẹ̀ wá ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Ẹsẹ̀ náà ńkọ́? Ó ń jó lọ ràì.

Ọ̀rọ̀ “iṣan” yìí gan-an ló ń dà wá rú nílé lóko. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, iṣan là ń pè é. Ẹran tó ń le lápá bí a bá gbé garawa omi, iṣan. Okùn tín-ín-rín tó ń gbé ìmọ̀lára láti ẹsẹ̀ lọ sínú ọpọlọ, iṣan náà ni. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí ẹsẹ̀ ń jó yóò fi lọ ra àgbo làkúrègbé, bẹ́ẹ̀ oríkèé ara ni làkúrègbé ń bá jà, kò mọ ohunkóhun nípa èyí. Iṣan ìmọ̀lára ni tiwa. Èyí tó dé ìka ẹsẹ̀, láti ẹ̀yìn ìdí ló ti bẹ̀rẹ̀, ó gùn tó mítà kan, òun ló sì gùn jù lára. Bí ṣúgà bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọdún púpọ̀, á máa jẹ iṣan náà, á sì máa ba àwọn ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ kéékèèké tó ń bọ́ ọ jẹ́. Èyí tó gùn jù ló ń kọ́kọ́ jìyà. Ẹ ó rí i pé ìka ẹsẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, ó wá ń gòkè díẹ̀díẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn ń fa ìbọ̀sẹ̀ wọ̀.

Iṣan tó ti bàjẹ́ yìí ló wá ń ránṣẹ́ èké sí ọpọlọ: “Iná o! Iná o!” Kò sì síná níbì kankan. Lọ́sàn-án, oníbàárà ń ná aṣọ, rédíò ń ké, ọpọlọ kò fi bẹ́ẹ̀ ráyè tirẹ̀. Bó bá dòru tí gbogbo ilé dákẹ́, igbe yẹn nìkan ló kù. Nítorí náà, jíjó tí ẹsẹ̀ yín ń jó kò sọ pé rírìn ń bà á jẹ́. Ìjókòó gan-an ló ń bà á jẹ́, nítorí ẹran ẹsẹ̀ tó bá ń ṣiṣẹ́ a máa jẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, èyí tó bá jókòó, ṣúgà á kún síbẹ̀.

Kí ẹ má bàa rò pé àwọn dókítà ń tako ara wọn lásán: tẹ́lẹ̀ rí, òótọ́ ni pé wọ́n máa ń ní kí irú àwa yìí má rìn púpọ̀, ẹ̀rù egbò ló ń bà wọ́n. Ní 2008, àwọn olùwádìí kan ní Missouri, ní Amẹ́ríkà, gbé àbájáde ìwádìí jáde lórí ènìyàn 79 tí iṣan ẹsẹ̀ wọn ti bàjẹ́. Wọ́n mú apá kan rìn, wọ́n kọ́ wọn ní eré ìdárayá ẹsẹ̀. Egbò àwọn yìí kò pọ̀ ju ti àwọn tí kò ṣe é lọ. Nígbà tó di 2010, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn àtọ̀gbẹ ní Amẹ́ríkà yí ìmọ̀ràn wọn padà: bí kò bá ti sí egbò lẹ́sẹ̀, kí ènìyàn máa rìn. Ẹni tó bá ṣì ń sọ ti àtijọ́, ìwé tó kà ló ti pẹ́.

Ó kù bí ẹ ó ṣe rìn ín, ibẹ̀ sì ni èmi náà ti kọ́kọ́ ṣe aṣìṣe. Ọjọ́ tí físíò, oníṣègùn tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú ara, ní kí n bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ìgbéraga tíṣà eré ìdárayá gbé mi wọ̀. Mo rìn láti ilé dé pápá Liberty, èyí tí wọ́n ti sọ ní orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, mo yí i ká, mo padà. (Ibẹ̀ ni Dick Tiger ti na Gene Fullmer nínú ìjà ẹ̀ṣẹ́ ní 1963. Bàbá mi wà níbẹ̀, kò sì jẹ́ ká sinmi nípa rẹ̀ títí ó fi kú.) Èmi náà jẹ ẹ̀ṣẹ́ tèmi lọ́jọ́ yẹn: ọjọ́ mẹ́ta ni n kò lè sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ lórí ibùsùn.

Físíò náà, ọmọbìnrin tí mo lè bí, kò bá mi jà. Ó kàn bi mí pé: “Bàbá, lọ́jọ́ tó burú jù, ìṣẹ́jú mélòó ni ẹ lè rìn?” Mo ní méje. Ó ní, “Ẹ máa rin márùn-ún. Lójoojúmọ́. Bí ara yín bá yá gágá, márùn-ún. Bí kò bá yá, márùn-ún.” Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ mọ èyí jù mí lọ: ẹni tó bá rí ọjọ́ tí ọjà tà, tó wá ná ojú owó mọ́ èrè, kí ló fẹ́ fi rajà lọ́la? Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni mo fi ìṣẹ́jú kan kún un. Oṣù mẹ́rin ni mo fi dé 20.

Ẹ ó máa gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ló sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fi àwa tí àìsàn wà lára wa kún un nínú ìlànà tí wọ́n ṣe ní 2020. Ṣùgbọ́n ìlànà kan náà ní díẹ̀ sàn ju kí ènìyàn má ṣe rárá lọ, kò sì pọn dandan kó jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá pọ̀ mọ́ra kó tó kà. Mẹ́ta láàárọ̀, mẹ́ta lọ́sàn-án, ó wọlé. Ẹ rìn débi pé ẹ ṣì lè bá ènìyàn sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ kò lè gbé orin. Èyí tó bá lè kọrin ń ṣeré, èyí tí kò bá lè sọ̀rọ̀ ń ṣe ara rẹ̀.

Ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín padà, Ìyá wa. Gbági fúnra rẹ̀ ni pápá yín. Kí oòrùn tó gorí, ẹ rìn láti ìsọ̀ yín dé ìparí ìlà yẹn, ẹ bẹ ẹni tí ẹ ń bẹ̀ wò wò, ẹ padà. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ máa gbé ìdì aṣọ. Bí ẹ bá ti jókòó ti aṣọ fún nǹkan bí ààbọ̀ wákàtí, ẹ dìde kúrò lórí àga láìfi ọwọ́ tì í, ẹ jókòó, ẹ dìde, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ẹ dúró sẹ́yìn àga tó wúwo, ẹ dì í mú, ẹ gbé gìgísẹ̀ sókè kí ẹ dúró lórí ọmọ ìka, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn èyí, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, kí ọwọ́ má jìnnà sí àga.

Má-ṣubú ni èyí tó kẹ́yìn yẹn wà fún. Ẹsẹ̀ tí kò mọ ilẹ̀ dáadáa, ojú ló ń bá a di ara mú. Bí ẹ bá fi ọṣẹ pa ojú ní ilé ìwẹ̀, tí ẹ sì pa ojú dé, ara á yẹ̀. Èmi ti dì mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ rí bí ọmọ tó ń kọ́ ìrìn. Ẹ di ògiri mú kí ẹ tó fi ọṣẹ kan ojú. Lóru ńkọ́, tí wọ́n bá mú iná lọ? Tọ́ọ̀ṣì gbọdọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí. Ẹ tàn án kí ẹsẹ̀ tó kan ilẹ̀.

Ojú náà ló tún ń ṣiṣẹ́ ẹ̀ṣọ́. Lálaalẹ́, ẹ yẹ ẹsẹ̀ wò, àtẹ́lẹsẹ̀ àti àárín ìka. Bí ẹ kò bá lè tẹ̀ dé ibẹ̀, ẹ gbé dígí sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí ẹ gbé ẹsẹ̀ lé e lókè, tàbí kí ẹ pe ọmọ-ọmọ, ojú tiwọn mú. Ìgbà ọyẹ́, gìgísẹ̀ a máa là, ibẹ̀ sì ni egbò ń gbà wọlé, nítorí náà ẹ fi òrí pa á, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ dé àárín ìka, ibẹ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ. Ẹ má fi ẹsẹ̀ mọ̀ bóyá omi gbóná, ìgúnpá ni kí ẹ fi mọ̀ ọ́n. Ẹ má gbé ẹsẹ̀ sínú omi gbígbóná nítorí jíjó, ẹ má na ẹsẹ̀ síná. Ẹnìkan ní àdúgbò wa gbọ́ pé oògùn pípa kan wà tí wọ́n fi èròjà inú ata ṣe, òótọ́ sì ni pé ó wà, ó wá lọ ata rodo, ó fi pa ẹsẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́.

Bàtà: alẹ́ ni kí ẹ lọ rà á, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀. Kí ìbú àtàǹpàkò kan ṣẹ́ kù níwájú ìka tó gùn jù. Ẹ gbọn inú rẹ̀ kí ẹ tó wọ̀ ọ́, kí ẹ sì fi ọwọ́ wá inú rẹ̀ yí ká. Mo fẹ́ràn òkìríkà bí gbogbo Ìbàdàn ṣe fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti jáwọ́ nínú bàtà òkìríkà. Ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ló ti tẹ̀ ẹ́, bí wọ́n bá sì fi ìṣó kan tún ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣe, ẹsẹ̀ tèmi kọ́ ni yóò sọ fún mi.

Bí ẹ bá rí egbò, tàbí tí ẹsẹ̀ kan wú, tó pọ́n, tó gbóná ju èkejì lọ, kódà bí kò bá dùn, ẹ dá rírìn dúró lọ́jọ́ náà kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ kò gbọdọ̀ fi ìyẹn sùn. Ẹ lè máa ju apá níbi tí ẹ jókòó sí títí wọn yóò fi ní kí ẹ máa rìn.

Ẹ fi kúùbù ṣúgà mẹ́rin sínú àpò yín bí ẹ bá ń rìn, pàápàá bí ẹ bá ń gba abẹ́rẹ́ insulin tàbí oògùn tó ń mú ṣúgà wálẹ̀ kíákíá. Bí òógùn òjijì bá bò yín, tí ọwọ́ ń gbọ̀n, tí ebi ń pa yín bí ẹni kò jẹun láti àná, ẹ jẹ ẹ́, ẹ jókòó, ẹ wọn ṣúgà yín lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Tí ẹ̀rọ bá sọ pé kò tó 70 mg/dL, ìrìn ti parí lọ́jọ́ náà.

Nípa oògùn, paracetamol kì í fi bẹ́ẹ̀ ran irú ìrora yìí lọ́wọ́, ẹ má máa jẹ ẹ́ bí ẹ̀pà. Àwọn oògùn iṣan wà: amitriptyline, pregabalin, duloxetine. Dókítà ni yóò yàn. Amitriptyline ni èmi ń lò lálẹ́. Ó jẹ́ kí n máa sùn, ṣùgbọ́n òòyì a máa kọ́ mi bí mo bá dìde lójijì láàárọ̀, nítorí náà n kì í rìn kí n tó jókòó sétí ibùsùn fún ìgbà díẹ̀. Bó bá sì jẹ́ metformin ni ẹ ti ń lò láti ọdún 11, ẹ ní kí wọ́n yẹ fítámì B12 yín wò. Metformin tó pẹ́ lára lè dín in kù, àìtó rẹ̀ náà sì ń ba iṣan jẹ́.

Bàbá Tíṣà, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọmọ ọdún 36 ni mí, Máíkírà ni mò ń wà, Ìwó Road sí Challenge. Láti ìdí mi ọ̀tún ni ìrora ti ń yọ, á sáré gba ẹ̀yìn itan dé ọrùn ẹsẹ̀ bí ìgbà tí iná NEPA gbé ènìyàn. Ó di ọdún méjì. Wọ́n yà mí ní fọ́tò ẹ̀yìn, wọ́n ní nǹkan kan ti yọ díẹ̀ láàárín eegun ẹ̀yìn, ó ń tẹ iṣan, kò tíì gba iṣẹ́ abẹ. Àwọn ará gáréèjì ní kí n máa lo 225, tramadol yẹn. Ọmọ mi ló ń gun ẹ̀yìn mi lálẹ́. Mo ti fi bọ́ọ̀lù ọjọ́ Àìkú sílẹ̀. Ṣé ó parí náà nìyẹn? — Awakọ̀, Ìbàdàn

Ọmọ mi, kò parí. Ṣùgbọ́n kí n kọ́kọ́ bi ọ́: ibo lo ń kó owó sí? Mo mọ ẹ̀yin awakọ̀. Bí kò bá sí lábẹ́ itan, inú àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò ni, ìdì náírà ńlá, o sì ń jókòó lé e láti aago mẹ́fà ìdájí. Ibi tí owó yẹn wà gan-an ni iṣan náà ń gbà kọjá. Gbé e kúrò lónìí.

Tìrẹ kì í ṣe irú tèmi. Wọ́n ń tẹ iṣan rẹ látòkè ni, ṣúgà kọ́ ló ń jẹ ẹ́ nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn ìjókòó bá a mu. Ara ẹni tó ní irú èyí kì í fẹ́ ìjókòó pípẹ́, iṣẹ́ rẹ sì jẹ́ ìjókòó. Ohun tí mo bá ẹlòmíràn tó ń wakọ̀ ṣe nìyí: bí o bá dé ìparí ọ̀nà tí ọkọ̀ ń kún, má jókòó dúró de èrò. Bọ́ sílẹ̀, rìn yí gáréèjì ká lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀méjì, fi ọwọ́ méjèèjì di ìbàdí mú, kí o sì rọra tẹ̀ sẹ́yìn, lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ká táwẹ́ẹ̀lì róbótó, kí o fi há ibi tí ẹ̀yìn rẹ ti wọnú. Bí táyà bá jò, tẹ orúnkún, má tẹ ẹ̀yìn. Bí ìrora bá ń kúrò lọ́rùn ẹsẹ̀, tó ń padà sókè sí ìdí, inú rẹ dùn, bó bá tilẹ̀ ń dùn ọ́ ní ìdí. Bí ó bá ń sọ̀kalẹ̀ sí i, ohun tí o ṣe yẹn kò bá ọ mu, fi í sílẹ̀.

Kí ọmọ rẹ sọ̀kalẹ̀ lórí ẹ̀yìn rẹ. Mo mọ̀ pé ó ń dẹ̀ ọ́ lára fún wákàtí kan, ṣùgbọ́n ìwúwo rẹ̀ kò lè ti ohun tó yọ padà. Fi rírìn dípò bọ́ọ̀lù ná. Bí o bá ti lè rìn ní ìṣẹ́jú 30 fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kọ́kọ́ sáré díẹ̀ kí o tó fi ẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù. Ìwọ àti físíò lẹ ó jọ sọ ìyẹn.

Nípa 225: mo fọwọ́ sọ̀yà sọ ọ́. Tramadol oníwọ̀n yẹn, NAFDAC kò fọwọ́ sí i, mílígíráàmù 100 ni kò gbọdọ̀ kọjá. Ó lè mú gìrì gbé ènìyàn, o sì ń gbé ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ lẹ́yìn rẹ. Ẹ̀yìn tó ń dunni kì í pa èrò ọkọ̀.

Ọjọ́ kan wà tí o kò ní dúró de lẹ́tà mi: bí ààrin itan rẹ, níbi tí ènìyàn fi ń jókòó lórí gàárì ẹṣin, bá kú, tàbí tí ìtọ̀ kọ̀ tí kò yọ, tàbí tó ń yọ láìmọ̀, tàbí tí ẹsẹ̀ méjèèjì rọ. Ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, lóru lọ́sàn-án. Kì í ṣe ti físíò mọ́.

Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, Tíṣà. Àjàṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo ni mo wà, ìlú tí ìjọ Sẹ̀lẹ́ wa ti bẹ̀rẹ̀ ní 1947. Mo jẹ́ ẹni ọdún 63, mo ní àtọ̀gbẹ. Tèmi kò dùn mí rárá, ẹsẹ̀ mi kàn kú ni, bí ẹni pé mo wọ ìbọ̀sẹ̀ tí n kò wọ̀. Ogójì ìṣẹ́jú ni mo ń rìn dé ilé ìjọsìn, láìwọ bàtà, pẹ̀lú sùtánà mi, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀. Mo rò pé eré ìdárayá mi nìyẹn. Ó dára, àbí? — Arákùnrin, Àjàṣẹ́

Arákùnrin mi, nínú gbogbo lẹ́tà tí mo gbà, tiyín ló já mi láyà jù. Ìyá Aláṣọ ń sunkún, ẹ̀yin ń yọ̀, ẹ̀yin sì ni ẹ sún mọ́ ewu jù. Ẹsẹ̀ tó ń jó ṣì ń bá olówó rẹ̀ wí. Tiyín ti kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀.

Ìrìn yín dára, n kò fẹ́ kí ẹ dín ìṣẹ́jú kan kù nínú rẹ̀. Bàtà ni ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀dà ojú títì lọ́sàn-án gangan lè bó àtẹ́lẹsẹ̀, ẹ ó sì dé ilé ìjọsìn pẹ̀lú orin lẹ́nu, ẹ kò ní mọ̀ ọ́n. Ẹ gbọ́ ìtàn ìṣó tèmi. Èmi wọ sílípáàsì, ẹ wo ohun tójú mi rí.

N kò fẹ́ bá ìlànà ìjọ yín jà, kò sì nílò ìjà. Wọn kò ní kí ẹ má wọ bàtà nígbà tí sùtánà kò bá sí lọ́rùn yín. Ẹ ká sùtánà sínú àpò, ẹ wọ aṣọ ilé àti bàtà tó bo ọmọ ìka, ẹ rìn, ẹ dé ibẹ̀, ẹ pààrọ̀. Ẹ yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ wò kí ẹ tó wọlé, ẹ tún yẹ ẹ́ wò bí ẹ bá jáde, ẹ wọ bàtà padà wálé. Bí ijó ìyìn bá dé, ẹ wo ilẹ̀ níbi tí ẹ ó ti jó, ṣé àbẹ́là kò kán síbẹ̀, ṣé abẹ́rẹ́ kò jábọ́ lára aṣọ ẹnìkan. Ẹ lọ bá olùṣọ́-àgùntàn yín sọ ọ́ tọkàntọkàn pẹ̀lú ìwé dókítà lọ́wọ́. Mùsùlùmí ọ̀rẹ́ mi kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rí bíi tiyín, orí àga ló ti ń kírun báyìí, ìmáàmù rẹ̀ ló sì gbé àga náà fún un.

Kí wọ́n sì yẹ ẹsẹ̀ yín wò dáadáa ní ilé ìwòsàn, lọ́dọọdún ó kéré tán. Kì í ṣe ìrora: okùn ọ̀rá kékeré kan ni wọ́n ń tẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ títí yóò fi tẹ̀, ìwọ̀n gíráàmù mẹ́wàá, ẹ ó pa ojú dé, ẹ ó máa sọ bí ẹ bá mọ̀ ọ́n. Wọ́n á tún gbé irin ẹlẹ́ka méjì tó ń gbọ̀n lé ọmọ ìka ńlá. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún mi, mo dúró kí nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀. Ó ní, “Bàbá, mo ti ṣe tán.”

Tíṣà, ọkọ mi ní gààrí ló bá iṣan òun jẹ́. Ṣé òótọ́ ni? — Ìyàwó, Ẹ̀pẹ́

Ọ̀rọ̀ yín ní gbòǹgbò, ní Ẹ̀pẹ́ pàápàá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, ará Òkè-Mẹ̀sí tó di àgbà oníṣègùn iṣan ní Ìbàdàn, ló ṣe ìwádìí nípa rẹ̀ láàárín ọdún 1960 sí 1970, ní agbègbè yín náà. Àwọn tí wọ́n ń jẹ ẹ̀gẹ́ tí wọn kò ṣe dáadáa, lójoojúmọ́, fún ọdún púpọ̀, tí oúnjẹ mìíràn kò sì tó, ló rí i tí ẹsẹ̀ wọn kú, tí ara wọn ń yẹ̀ bí wọ́n bá ń rìn, tí ojú àti etí wọn ń bàjẹ́. Oró inú ẹ̀gẹ́ ló fura sí. Rírin ẹ̀gẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ kó kan, fífún un àti yíyan án ló ń lé oró náà jáde. Gààrí tí wọ́n fi ìwàǹwára yan lọ́jọ́ kan náà kò dára. Ṣùgbọ́n bí ọkọ yín bá ń jẹ ẹja, ẹ̀wà àti ẹyin mọ́ ọn, ẹ kọ́kọ́ lọ yẹ ṣúgà rẹ̀ wò kí ẹ tó dá gààrí lẹ́jọ́. Bó bá sì ń mu ọtí líle, ẹ sọ fún dókítà, òun náà ń jẹ iṣan.

Bàbá, ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́? Ṣé ẹ ṣì ń rìn lẹ́yìn ìṣó yẹn? — Akẹ́kọ̀ọ́, Ifẹ̀

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọn kò jẹ́ kí n rìn. Mo jókòó, mo ń gbé ike omi sókè sódò, inú ń bí mi sí gbogbo ilé. Egbò náà san. Ìṣẹ́jú mẹ́fà ni mo fi padà bẹ̀rẹ̀, ní bàtà kánfáàsì tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ nípọn bí ìwé àkàgbádùn. Lówùúrọ̀ yìí mo rin 14. Ó jó mi láti ìkẹjọ. Mo dúró létí ṣọ́ọ̀bù oníbúrẹ́dì, mo kí i, mo tún bọ́ sọ́nà. Nígbà tí mo dé, Ìyá Títí ti gbé àpótí sílẹ̀, ó ti tan tọ́ọ̀ṣì, ó gbé ẹsẹ̀ mi lé itan. Òkúta kékeré kan ló rí nínú ìbọ̀sẹ̀ ọ̀tún. N kò mọ ìgbà tó wọbẹ̀.